Ẹlẹ́rìí Tí A Rán Mọ́ Ọrùn Aṣọ

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí kùrukùru kò tíì ká tán lórí àpáta Olóṣùnta, tí àwọn ọlọ́kadà sì ti ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lójú títì tí ó lọ sí Àkúrẹ́, àwọn obìnrin kan ti pagbo yí ẹrù ńlá kan ká, ẹrù tí a fi ọ̀rá funfun wé, tí a sì fi okùn ike pẹlẹbẹ dì pinpin. Ọkùnrin kan yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn kìíní, ó gé èkejì, béèlì náà sì wú, ó là, ó da ohun tí ó wà níkùn rẹ̀ sórí tàpólì: ṣẹ́ẹ̀tì, búláòsì, jíǹsì, kóòtù, àti súwẹ́tà tí ó nípọn ju ohun tí ooru ilẹ̀ wa lè gbà láyè lọ.

Òórùn tí gbogbo ẹni tí ó ti ra bọ́síkọ́nà rí mọ̀ gba àyíká kan, òórùn oògùn kòkòrò àti ti aṣọ tí ó ti pẹ́ nínú ìdè. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú òkìtì aṣọ. Ẹni tí ó ń wá ti ọmọdé ń kó ti ọmọdé, ẹni tí ó ń wá ṣẹ́ẹ̀tì ń na ṣẹ́ẹ̀tì sókè sí oòrùn láti wò bóyá ó ya, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìdí béèlì ni ó ń ṣa èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀.

Láàárín wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà tí ó wà nílùú náà, tí kò na aṣọ kankan sí oòrùn rárá. Ọrùn aṣọ ni ó ń yí síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó ń fi ìka gbá a wò, tí ó sì ń gbé e jù sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi na kóòtù aláwọ̀ aró yẹn.”

“Ṣé o fẹ́ wọ̀ ọ́ wò ni?”

“Rárá mà, ọrùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kà.”

Ẹ̀rín bú sẹ́nu gbogbo wọn. “Ọrùn ni ó fẹ́ kà! Àṣé kóòtù ti di ìwé!” Ṣùgbọ́n ọmọ náà ka ọrùn kóòtù náà tán, ó ka abẹ́ apá rẹ̀ nínú, ó ṣí síìpù rẹ̀, ó pa á dé, ó sì ka owó tí wọ́n pè lé e sílẹ̀ láì ná an.

Ìyá oníṣòwò náà, tí ó ti wà nídìí ọjà yìí láti ìgbà tí ó ti ń pọn àkọ́bí rẹ̀, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bí oníbàárà bá ti sanwó láì ná ọjà, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ti bọ́ lọ́wọ́ mi.”

Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ìrépé aṣọ kékeré kan lọ, èyí tí kò fẹ̀ tó ìka méjì, tí a rán mọ́ ẹ̀yìn ọrùn kóòtù náà, tí a sì hun orúkọ ilé iṣẹ́ kan sí ara rẹ̀: lébẹ́ẹ̀lì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní New York àti ní Tokyo, àwọn ènìyàn kan wà tí ó jẹ́ pé aṣọ ogójì ọdún tí orúkọ aránṣọ ńlá wà lára rẹ̀ wù wọ́n ju tuntun lọ, tí wọ́n sì ń san owó gọbọi lé e. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè ya àwòrán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀, kí oníbàárà ní Èkó sì ti bá a dá owó rẹ̀ kí ọjà tó tú.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ilé iṣẹ́ tí ó lówó jùlọ láyé lè rán ẹgbẹ̀rún kóòtù lónìí, kò lè rán ẹyọ kan tí ó ti pé ogójì ọdún. Ibi tí iyì aṣọ àtijọ́ ti wá nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ayédèrú ti rí àyè wọlé, nítorí ohun tí a kò lè ṣe mọ́ ni ọ̀bàyéjẹ́ máa ń ṣe àdàkọ rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe di dandan kí a mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ wá lébẹ́ẹ̀lì lẹ́nu wò, gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ti ń ṣe sí ẹlẹ́rìí: kí a gbọ́ ohun tí ó wí, kí a sì wá ẹlòmíràn tí yóò bá a jẹ́rìí sí i.

Ọ̀nà tí ẹrù ń gbà dé

Ọ̀pọ̀ orúkọ ni a ń pe aṣọ wọ̀nyí. Òkìrìkà ni àwọn kan ń pè é, wọ́n fi orúkọ ìlú Okrika sọ ọ́, ìlú etí omi tí kò jìnnà sí Port Harcourt, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Bọ́síkọ́nà ni àwọn àgbà ń pè é, nítorí pé ojú ń ti ènìyàn nígbà náà kí wọ́n rí i nídìí rẹ̀. Ojú kò ti ẹnikẹ́ni mọ́. Olùkọ́ ń rà á, òṣìṣẹ́ ìjọba ń rà á, àwọn tí ó sì fẹ́ lọ ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù ń ti ìdí rẹ̀ mú súútù.

Láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń kó o, láti inú àpótí ìtọrẹ àánú àti láti ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ya aṣọ sọ́tọ̀ ní ìpele ìpele kí wọ́n tó dì í ní béèlì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba Kùtọ̀nú kọjá, níbi tí àdúgbò Missèbo ti lókìkí fún un. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń dé Kàtàngówà ní Èkó, tí àwọn oníṣòwò Àkúrẹ́, Adó àti Ìkẹ́rẹ́ sì ń lọ bá a níbẹ̀. Kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́: aṣọ àlòkù wà nínú àwọn ohun tí òfin ilẹ̀ wa kà léèwọ̀ láti kó wọ̀lú, àwọn aṣọ́bodè sì ń gbẹ́sẹ̀ lé e nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rin ọjà Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré yóò rí i pé òfin wà lọ́tọ̀, ọjà wà lọ́tọ̀.

Béèlì tí kò là kò ṣeé wò. Orí ni oníṣòwò fi ń rà á. Bí ó bá ṣe kòńgẹ́ ire, ó jèrè. Bí ó bá bá àkísà pàdé, ó di gbèsè. Ìdí nìyí tí ó fi dùn mí pé ẹni tí ó ru ewu béèlì kọ́ ni ó máa ń jẹ ọrá inú rẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó mọ̀wé ọrùn aṣọ.

Orúkọ aránṣọ lára aṣọ

Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ òyìnbó pàápàá, télọ̀ kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára aṣọ tí ó rán. Ẹni tí ó ni aṣọ ni ó ni iyì. Charles Frederick Worth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ dá ilé aṣọ sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1858, ni a mọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ń rán orúkọ ara wọn mọ́ aṣọ, bí ayàwòrán ti ń kọ orúkọ sídìí àwòrán. Nígbà tí Christian Dior fi dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ó sì ṣí ìsọ̀rí aṣọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sójú ayé lọ́dún 1947, lébẹ́ẹ̀lì àwọn aṣọ olówó iyebíye rẹ̀ ti ń sọ ju orúkọ lọ: ó ń sọ àkókò àti ọdún tí a rán aṣọ náà, ó sì ń gbé nọ́ńbà tirẹ̀.

Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà bọ́ sínú béèlì tí ń bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Èyí tí ń bọ̀ ni jíǹsì, kóòtù òjò, ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn, àti aṣọ àwọn ilé ìtajà ńlá, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu àwọn wọ̀nyí.

Bí a ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Levi's, nítorí òun ni àwọn ọmọ wa mọ̀ jùlọ. Ọdún 1936 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìrépé pupa kékeré mọ́ àpò ẹ̀yìn jíǹsì. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo orúkọ náà lára ìrépé ọ̀hún, títí di ọdún 1971, tí wọ́n sọ E inú rẹ̀ di kékeré. Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo yìí, jíǹsì méjì tí aró wọn rí bákan náà lè wà lórí tàpólì kan, kí ọ̀kan tó owó súyà, kí èkejì tó owó ilé gbígbé ọdún kan.

Ṣùgbọ́n má sáré! Ilé iṣẹ́ Levi's fúnra rẹ̀ ti tún ń rán jíǹsì tuntun ní àwòṣe ti àtijọ́, tí E ńlá sì padà sára ìrépé pupa. Kò sí ayédèrú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ orí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹlẹ́rìí kejì ni a ó pè, ìyẹn lébẹ́ẹ̀lì inú tí ń sọ bí a ó ti fọ aṣọ. Ọdún 1972 ni òfin Amẹ́ríkà tí ó sọ irú lébẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ di dandan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí E bá jẹ́ ńlá, tí lébẹ́ẹ̀lì ìfọṣọ gígùn sì wà nínú ṣòkòtò kan náà, ọmọ tuntun ni ó wọ aṣọ baba rẹ̀.

Orúkọ orílẹ̀-èdè tún jẹ́ ẹlẹ́rìí tí kì í gbàbọ̀dè. Aṣọ tí a kọ “Made in West Germany” sí kò lè kọjá ọdún 1990, nítorí oṣù kẹwàá ọdún náà ni Jámánì méjèèjì di ọ̀kan. Èyí tí a kọ Czechoslovakia sí kò lè kọjá ìparí ọdún 1992. Ọmọ tí ó ka ìtàn ayé ní iléèwé girama ti ní irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Lára aṣọ Amẹ́ríkà, ẹ wo lẹ́tà RN àti nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e. Ìjọba ibẹ̀ ni ó ń fún ilé iṣẹ́ ní nọ́ńbà náà. Láti ọdún 1959 ni nọ́ńbà náà ti ń lọ láti orí 13670 sókè. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti aṣọ: 41381 ni ti Ralph Lauren, ó sì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì wọn ti àná àti ti òní. Ohun tí ó lè sọ fún wa ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe aṣọ náà tàbí tí ó tà á, bí nọ́ńbà náà bá sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn pátápátá, ó yẹ kí a fura. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rán aṣọ obìnrin ní Amẹ́ríkà, ILGWU, náà ní lébẹ́ẹ̀lì tiwọn. Èyí tí ó ní àwọ̀ pupa, funfun àti aró bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1974, ẹgbẹ́ náà sì da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn lọ́dún 1995, tí orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Búláòsì tí ó ní lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ mẹ́ta yìí wà láàárín ọdún méjèèjì.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sún mọ́ wa jù. Ta ni kò ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1955 sí 1980, tí ó sì fi àpótí ńlá kó kóòtù bọ̀ wá sí Èkìtì, ilẹ̀ uyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, níbi tí a ti gbà pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn? Ẹ ṣí àpótí náà. Ẹ ó bá St Michael níbẹ̀, orúkọ tí Marks & Spencer fi sára ọjà wọn láti ọdún 1928, tí wọ́n sì yọ kúrò lọ́dún 2000. Bí ẹ bá ṣe oríire gan-an, ẹ ó bá àmì CC41, àmì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára aṣọ lọ́dún 1941, nígbà ogun tí ìwọ̀nba ni aṣọ tí ẹnikẹ́ni lè rà, tí wọ́n sì ń fi sí i títí di 1952. Mo ti fojú ara mi rí kóòtù St Michael tí wọ́n fi ń dí ihò ilé adìyẹ. N kò ní sọ ilé tí mo ti rí i.

Nígbà tí ẹlẹ́rìí bá purọ́

Télọ̀ àgbà kan wà ní Ìsẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ oníbọ́síkọ́nà máa ń gbé aṣọ lọ bá. Wọ́n gbé jákẹ́ẹ̀tì kan wá bá a tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jọ ti àtijọ́, ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ń tú. Baba náà kò tilẹ̀ ka orúkọ tí ó wà níbẹ̀. Ó yí ọrùn jákẹ́ẹ̀tì náà síta, ó sì fi èékánná tọ́ka sí àwọn ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó tò gba ìta lébẹ́ẹ̀lì náà kọjá, tí kò sí òwú kankan nínú wọn. Lébẹ́ẹ̀lì mìíràn, tí ó tóbi ju èyí lọ, ni ó ti wà níbẹ̀ rí. Òwú tí a fi rán èyí mọ́ ọn ń dán, nígbà tí gbogbo òwú yòókù lára aṣọ náà ti ṣá. Ó wá yí ìhà inú síta, ó sì fa lébẹ́ẹ̀lì ìfọṣọ kékeré kan jáde lábẹ́ àpò, èyí tí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà gbàgbé láti gé: àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀, www rẹ̀ kò fi ọ̀kan pe méjì. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó ti wà láyé kí Nàìjíríà tó gbòmìnira! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ohun tí baba náà mọ̀ kò ti inú ìwé wá. Ó ní ojúlówó lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ híhun, tí ènìyàn lè fi ìka mọ òwú rẹ̀, àti pé àtẹ̀sára ni ọ̀pọ̀ ayédèrú, tí etí lẹ́tà rẹ̀ ń fọ́n. Ó ní kí a máa wo síìpù, nítorí irin ni púpọ̀ nínú ti àtijọ́. Ó ní kí a wo ojú ìránṣọ nínú, níbi tí ojú ayé kò dé: aránṣọ tí kò bá bìkítà fún inú, kò sí orúkọ tí a lè rán mọ́ ọn lọ́rùn tí yóò sọ ọ́ di ọ̀gá.

Olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ aṣọ àti ìránṣọ ní Ìkẹ́rẹ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀kan kún un. Ó ní àìsí lébẹ́ẹ̀lì kò sọ aṣọ di ayédèrú, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń gé e kúrò nígbà tí ó bá ń rìn wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀rí àwọn yòókù ni kí a wá gbọ́.

Etí ańkárá

Àwọn ìyá wa ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kí jíǹsì tó dé. Obìnrin tí ó bá fẹ́ ra ańkárá olówó ńlá kì í wo àárín rẹ̀, etí ni ó ń wò, níbi tí Vlisco, ilé iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Helmond ní Netherlands lọ́dún 1846, ti ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí. Àwọn aládàkọ mọ èyí, wọ́n sì ń tẹ ọ̀rọ̀ tí ó fara jọ ọ́ sí etí tiwọn, nígbà mìíràn pẹ̀lú lẹ́tà kan tí ó yàtọ̀. Nígbà náà ni àwọn ìyá ń yí aṣọ padà wo ẹ̀yìn, nítorí ojúlówó ń gba àwọ̀ lójú méjèèjì. Ìyá tí ó lè ṣe èyí lára ańkárá kò ní ìdí kankan láti máa bẹ̀rù ọrùn kóòtù.

Ọlọ́wẹ̀ kò fọwọ́ sí i

Kò yẹ kí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa mímọ ojúlówó ní agbègbè yìí gbójú fo Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí ó di ti Ìsẹ̀ lọ́dọ̀ Arínjalè, ọba ìlú náà, tí ó sì gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley lọ́dún 1924, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi ìtẹ́ kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ní British Museum ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Òpó ọba tí ó jókòó lórí ìtẹ́ wà ní Chicago.

Ọlọ́wẹ̀ kò kọ orúkọ rẹ̀ sára igi kankan. Báwo ni a ti ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀? Nípa ọwọ́ rẹ̀ ni, bí ère rẹ̀ ti ń yọ jáde kúrò lára pákó bí ẹni pé yóò rìn. Ẹ̀rí mìíràn sì wà: lọ́dún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún onímọ̀ Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, oríkì náà sì dárúkọ àwọn ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu obìnrin kan ṣe pa ohun tí Paris ń hun sára ìrépé aṣọ mọ́. Ṣùgbọ́n opó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ẹnu sì ń kú.

Ó kan àwọn télọ̀ wa

Shade Thomas-Fahm, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ṣí ilé aṣọ tirẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1960, mọ̀ ní tirẹ̀ pé ó yẹ kí orúkọ aránṣọ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ ìró àti bùbá di ohun tí ọmọge lè wọ̀ lọ sí ọ́fíìsì láìsí wàhálà, ó sì fi orúkọ ilé aṣọ rẹ̀ sọrí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé V&A ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìpàtẹ aṣọ Áfíríkà lọ́dún 2022, aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, a sì mọ ẹni tí ó ṣe é.

Mélòó nínú àwọn télọ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ti wo agbádá tí iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ lè mú kí òyìnbó dá ọkọ̀ dúró, n kò sì rí ibì kan lára rẹ̀ tí yóò sọ ẹni tí ó fi ọwọ́ ṣe é. Bí a bá bi ẹni tí ó wọ̀ ọ́, yóò ní, “Bàbá kan ní ẹ̀yìn ọjà ni.” Ní ogójì ọdún sí i, kò ní sí ẹni tí yóò mọ bàbá náà mọ́, agbádá rẹ̀ yóò sì di aṣọ tí kò ní baba.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa nídìí béèlì, kí ẹ tó pe owó lé kóòtù, ẹ yí ọrùn rẹ̀ síta kí ẹ kà á, bí ojú kò bá sì ríran mọ́, ẹ fi ọmọ tí ó mọ̀wé sí ẹ̀gbẹ́ yín, kí ẹ sì fún un ní ìpín tirẹ̀. Ẹ má ṣe gé lébẹ́ẹ̀lì kúrò nítorí pé ẹ fẹ́ kí aṣọ dà bí tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ jogún àpótí lọ́wọ́ àwọn tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó fi kóòtù bàbá yín fún adìyẹ. Ẹ̀yin télọ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré, ẹ wá ìrépé aṣọ kan, ẹ fi òwú kọ orúkọ yín, orúkọ ìlú yín àti ọdún sí i, kí ẹ sì rán an mọ́ agbádá tí ẹ bá rán lọ́sẹ̀ yìí.